ORÍ BÍBẸ́ KỌ́ NI OÒGÙN ORÍ FÍFỌ́: ẸNI TÓ NÍ ILẸ̀KÙN IGI GIDI, KÓ GBÉ E FÚN PẸ́ŃTÀ

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń dúró ti ẹ̀rọ lọ́sàn-án àti lóru, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin kọ́ńdọ́kítọ̀, ẹ̀yin mẹkáníìkì, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ru ẹrù ní gáréèjì, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n owó wa ló ń gbé lọ, iṣẹ́ wa ló sì ń pa. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ni.

Ẹ wo àyíká yín. Àdúgbò wo ni oníṣòwò ilẹ̀kùn onírin láti òkè òkun kò tíì dé? Bí Iléyá bá ti ku oṣù méjì, tàbí bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, òṣìṣẹ́ yóò tọ akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù lọ, yóò ní òun fẹ́ yá owó. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ó fẹ́ pààrọ̀ ilẹ̀kùn àbáwọlé. Kí ló ṣe èyí tó wà níbẹ̀? Ó ní ó ti gbó. Ẹ bá a délé, ẹ ó bá ilẹ̀kùn ìrókò tàbí ti ọ̀gánwó lẹ́nu ọ̀nà, tí igi rẹ̀ le bí òkúta, tí ikán kò fi ẹnu kàn án rí. Ohun tó gbó níbẹ̀ kò ju ọ̀dà lọ. Oòrùn ti sá a, òjò ti bó o, ọwọ́ àwọn ọmọ ti sọ ọ́ di dúdú. Nítorí ọ̀dà tó ṣí, a ó yọ odindi ilẹ̀kùn, a ó jù ú sẹ́yìnkùlé, yóò sì di igi ìdáná! Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ohun tí àwa ń sọ kò lọ́jú pọ̀. Bí igi ilẹ̀kùn bá ṣì dára, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wá pẹ́ńtà tó mọṣẹ́, tó ní ẹ̀rọ tí ń fọ́n ọ̀dà, kí ó bó ọ̀dà àtijọ́ kúrò, kí ó fọ́n ọ̀dà tuntun sí i, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un pé. Owó tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi san owó ilé-ìwé ọmọ.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ yé ẹ̀yin awakọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Dáńfó tí ẹ ń wà káàkiri Èkó, aláwọ̀ ìyeyè tó ní ìlà dúdú, ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ ti gbé e lọ fún pẹ́ńtà? Nígbà tí ọ̀kadà fi ara ha á, tí ọ̀dà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí, ṣé ẹ gbé ọkọ̀ náà jù sí àkìtàn? Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ń na páànù, ó nà á, ó tẹ́ ẹ. Pẹ́ńtà fi sáńpépà ha á, ó fọ́n ọ̀dà sí i, ọkọ̀ sì padà sójú títì. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé-iṣẹ́, ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ tí ẹ ń lò ti gba ọ̀dà ju ìgbà kan lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kalẹ̀. Kò sí ọ̀gá kan tó jẹ́ ta ẹ̀rọ nù nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ ṣí. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ọgbọ́n tí a ń lò níbi iṣẹ́, a kì í mú un délé?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó náà. A kò ní dá iye kan fún yín, nítorí ọjà kan yàtọ̀ sí èkejì, iye àná kì í sì í ṣe iye òní. Ẹ mú bébà, ẹ fa ìlà sí àárín rẹ̀. Ní apá òsì, ẹ kọ iye ilẹ̀kùn onírin. Ẹ má dúró níbẹ̀. Ẹ kọ owó ọkọ̀ tó gbé e wálé. Ẹ rántí pé òun àti férémù rẹ̀ ló jọ ń wá, nítorí náà bíríkìlà ní láti fọ́ ògiri kó tó lè wọlé: ẹ kọ owó bíríkìlà, owó sìmẹ́ǹtì àti yanrìn tí yóò fi dí i padà, àti owó ọ̀dà ògiri tó bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ yá owó ni, ẹ kọ èlé orí rẹ̀. Ní apá ọ̀tún, ẹ kọ owó iṣẹ́ pẹ́ńtà, iye ọ̀dà, iye tínà, iye sáńpépà, àti epo tí jẹnẹrétọ̀ yóò mu. Ẹ ro apá kìíní, ẹ ro apá kejì, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé owó yíyá. Ẹ̀yin fúnra yín yóò rí i bóyá a purọ́.

Ṣé ìgbà yìí ni a ó máa fi owó ṣòfò? Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ lọ́jà, tí iye rẹ̀ sì já wálẹ̀ gan-an lójú dọ́là. Gbogbo ohun tó bá ti inú ọkọ̀ òkun wá ló gbówó lórí láti ìgbà náà, ilẹ̀kùn onírin sì wà lára wọn. Lẹ́yìn ìjàkadì púpọ̀, òfin owó oṣù tuntun jáde ní oṣù keje ọdún 2024: 70,000 náírà ni owó tó kéré jù lọ tí òṣìṣẹ́ lè gbà lóṣù. Gbogbo wa ló mọ ohun tí owó náà lè rà lọ́jà àti ohun tí kò lè rà. Owó tí a fi ìyànṣẹ́lódì àti ìpàdé òru gbà, kò yẹ kí a fi lé oníṣòwò lọ́wọ́ nítorí ohun tí a ti ní tẹ́lẹ̀.

Ẹ tún wo ibi tí owó náà ń lọ. Bí ẹ bá ra ilẹ̀kùn láti òkè òkun, apá tó tóbi jù nínú owó yín ti wọ ọkọ̀ òkun. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá san owó fún pẹ́ńtà àdúgbò, òun náà yóò wọ dáńfó, yóò jẹun lọ́dọ̀ olóúnjẹ, yóò san owó ilé-ìwé ọmọ. Owó náà kò kúrò láàrin wa. Ẹ rántí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí wa. Ní ọdún 2007, Michelin ti ilé-iṣẹ́ táyà wọn ní Port Harcourt. Nígbà tí ọdún 2008 fi ń parí, Dunlop náà ti dá táyà ṣíṣe dúró n'Íkẹjà. Ilé-iṣẹ́ aṣọ ní Kàdúná ńkọ́? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ló padà sílé lọ́wọ́ òfo. A mọ̀ pé àìsí iná mànàmáná àti ìpinnu àwọn ìjọba kún ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n ọjà òkè òkun tó kún ojú pópó wà lára rẹ̀, àwa náà ni a sì ń fi owó wa rà á. Káfíńtà àti pẹ́ńtà ló kàn báyìí. Ṣé a ó máa wòran ni?

Àwọn kan yóò sọ pé ilẹ̀kùn igi kò bá ayé mu mọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn kan fún wọn. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan wà ní ilẹ̀ Èkìtì, Olówè ará Ìsẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, ó kú ní ọdún 1938. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkéré, ó gbẹ́ ọba àti àwọn olorì rẹ̀ sí i, ó sì gbẹ́ òyìnbó tí wọ́n ń rù bọ̀ wá kí ọba. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley, nílùú London. Nígbà tí àwọn òyìnbó rí i, wọn kò fẹ́ kí ó padà wálé mọ́. Kábíyèsí kò gbà láti tà á. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ni ilẹ̀kùn náà wà títí di òní, àwọn èèyàn sì ń wọ ọkọ̀ òfuurufú láti ibi gbogbo lágbàáyé lọ wò ó. A kò bú ọba o. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn tó ń tà fún wa mọ iyì igi wa ju àwa lọ. Ohun tí a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.

Òmíràn yóò ní nítorí olè ni. Ọ̀rọ̀ olè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, a gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kan ilẹ̀kùn onírin tí wọ́n ń tà fún yín, kí ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń dún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, páànù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ ni wọ́n tẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, bébà tí wọ́n ká bí afárá oyin ló sì wà láàrin. Bí ọ̀dà rẹ̀ bá ha nísàlẹ̀, níbi tí òjò ti ń ta sí, ìpẹtà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Olè kì í bẹ̀rù ohun tuntun. Ohun tó ń dá olè dúró ni kọ́kọ́rọ́ tó dára, férémù tó di ògiri mú, àti híńjìsì tí kò mì. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní rí ibẹ̀ wọ̀. Ẹ fi díẹ̀ nínú owó tí ẹ kò ná lórí ilẹ̀kùn onírin ra kọ́kọ́rọ́ gidi, kí wẹ́dà àdúgbò sì fi irin rọ géètì sí iwájú ilẹ̀kùn yín. Iṣẹ́ ọwọ́ òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa nìyẹn.

Ṣùgbọ́n a kò ní kí ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì kí ẹ fi ọ̀dà bo ìdọ̀tí mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ jákujàku ló jẹ́ kí àwọn èèyàn máa sọ pé kíkùn kò pẹ́. Ẹ jẹ́ kí á sọ bí iṣẹ́ gidi ṣe ń lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ yín jẹ.

Pẹ́ńtà tó mọṣẹ́ yóò yọ ilẹ̀kùn kúrò lára híńjìsì, yóò tú kọ́kọ́rọ́ àti ọwọ́ ilẹ̀kùn. Kò ní fọ́n ọ̀dà bo kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn. Yóò fọ epo àti ìdọ̀tí kúrò, yóò bó ọ̀dà tó ti ń ṣí dànù, yóò dí ihò ìṣó àti ojú tó bá là. Yóò fi sáńpépà oníyanrìn líle ha á, yóò tún fi èyí tó kúnná ha á títí ọwọ́ yóò fi máa yọ̀ lórí rẹ̀. Yóò nu eruku rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà ìpìlẹ̀, yóò sì jẹ́ kí ó gbẹ. Bí ó bá wá kan ọ̀dà gan-an, yóò fọ́n ọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní dà á lé e lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó máa ṣàn bí omijé. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ̀rọ fi dára ju búrọ́ọ̀ṣì lọ: ó ń dé inú gbogbo kọ̀rọ̀ tí káfíńtà gbẹ́, kì í sì í fi ojú ìlà sílẹ̀.

Ẹ wo ohun mẹ́ta tí ọ̀gbẹ̀rì kì í ṣe. Èkíní, etí òkè àti etí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ gba ọ̀dà, nítorí ibẹ̀ ni igi ti ń mu omi jù. Èkejì, ọ̀dà mọ́tò kì í ṣe ọ̀dà igi ìta. Igi ń wú lójò, ó sì ń sún kì lẹ́ẹ̀rùn. Ọ̀dà tó bá le gbagidi lórí páànù lè là lórí igi. Kí pẹ́ńtà lo ọ̀dà tí wọ́n ṣe fún igi tó wà níta. Ẹ̀kẹta ni ìgbà. Nínú ọyẹ́, eruku yóò lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù. Bí òjò bá ṣú, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lè mú kí ọ̀dà kan funfun ràkọ̀ràkọ̀. Ọjọ́ tí oòrùn là, tí afẹ́fẹ́ kò le, ni ọjọ́ iṣẹ́. Ní ti géètì onírin, kí wọ́n ha ìpẹtà kúrò títí irin yóò fi funfun, kí wọ́n sì fi ọ̀dà tí ń lé ìpẹtà ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀.

A ó sọ òtítọ́ pẹ̀lú: ilẹ̀kùn kan wà tó ti kú. Bí ikán bá ti jẹ inú rẹ̀ tó fi ń dún kòròfo, bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti jẹrà tó ń bù lọ́wọ́, ọ̀dà kò lè jí i. Ẹ gún un ní ọ̀bẹ kékeré nísàlẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá wọlé bí ẹni wọ ẹ̀kọ, ó parí. Ẹ pe káfíńtà kí ó ṣe tuntun, tàbí kí ó gé apá tó jẹrà kí ó fi igi gidi dí i. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ta ilẹ̀kùn jẹ́ dókítà tí yóò sọ fún yín pé ilẹ̀kùn ti kú.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ayálégbé, àwa tó pọ̀ jù nìyẹn. Ẹ mọ ọgbọ́n tí àwọn onílé kan ń ta. Wọn yóò yọ ilẹ̀kùn igi, wọn yóò fi onírin sí i, ní oṣù tó tẹ̀ lé e wọn yóò fi owó kún owó ilé, wọ́n á ní àwọn ti tún ilé ṣe. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, kí gbogbo ayálégbé inú ilé pàdé, kí ẹ lọ bá bàbá tàbí ìyá onílé pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ ní ẹ ó wá pẹ́ńtà, kí ẹ sì bá wọn ṣe àdéhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé wọn yóò yọ owó náà kúrò nínú owó ilé. Kí ẹ gba rìsíìtì. Ẹnìkan ṣoṣo tó bá lọ, wọn yóò lé e jáde. Bí gbogbo ilé bá jọ lọ, wọn yóò fetí sílẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni wá. A kò gbọdọ̀ wá ìrọ̀rùn fún ara wa kí a fi ẹ̀mí òṣìṣẹ́ mìíràn san owó rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀dà fífọ́n ń pani bí a kò bá ṣọ́ra. Ní ọdún 1989, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ kà á sí iṣẹ́ tí ń fa àrùn náà. Ọ̀dà alágolo méjì, èyí tí wọ́n ń po ohun líle mọ́, ní kẹ́míkà tí ń jẹ́ isocyanate, tó lè fún pẹ́ńtà ní àrùn mímí gúlegúle tí a ń pè ní ásímà. Síbẹ̀, áńkáṣífì ni ọ̀pọ̀ pẹ́ńtà wa so mọ́ imú! Áńkáṣífì kò dá kẹ́míkà dúró. Ìbòmú onírọ́bà tó ní èédú nínú ni kí ó lò, kí ó ṣiṣẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí sìgá àti iná jìnnà sí tínà.

Ẹ ṣọ́ òjé pẹ̀lú. Ọ̀dà ilé àtijọ́ lè ní òjé nínú. Ní ọdún 1921 ni Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ti ṣe àdéhùn ní Geneva láti ká lílo òjé funfun nínú ọ̀dà lọ́wọ́ kò, nítorí pé ó ń ba òṣìṣẹ́ jẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé eruku òjé kò tó nǹkan, kí ó rántí Zamfara ní ọdún 2010, níbi tí eruku òjé láti inú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ pa ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọmọdé. Nítorí náà, kí wọ́n fi omi rin ọ̀dà àtijọ́ kí wọ́n tó ha á, kí wọ́n má ṣe fi iná jó o, kí wọ́n kó èérún rẹ̀ sínú ọ̀rá, kí ọmọdé àti aboyún má sì sí nítòsí.

Ẹ̀yin ará, ohun tí a ń béèrè nìyí:

1. Kí Alájẹṣẹ́kù má ṣe yá ẹnikẹ́ni ní owó ilẹ̀kùn tuntun títí káfíńtà kan yóò fi wò ó pé ti àtijọ́ ti kú lóòótọ́.

2. Kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa kọ orúkọ àwọn pẹ́ńtà tó mọṣẹ́ sílẹ̀, kí ọmọ ẹgbẹ́ lè mọ ibi tí yóò lọ.

3. Kí a fi ẹnu kò lórí owó iṣẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí a sì san án pé ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún pẹ́ńtà pé kó fi ṣe ọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ kì í ra ọ̀dà.

4. Kí ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì gba fúrídọ̀ọ̀mù má ṣe di ẹ̀rọ ọ̀dà mú láìsí ìbòmú. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ fún pẹ́ńtà, kí ó béèrè ìbòmú kí ó tó béèrè àwọ̀.

5. Níbikíbi tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bá ti fẹ́ pààrọ̀ ilẹ̀kùn ilé òṣìṣẹ́, kí aṣojú wa béèrè iye tí kíkùn rẹ̀ yóò jẹ́, kí ìyàtọ̀ owó náà sì wọ inú àtúnṣe òrùlé àti omi ẹ̀rọ tí a ti ń béèrè fún.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ohun dídán tàn yín. Ilẹ̀kùn tó ti ṣọ́ ilé láti ayé àwọn baba wa, aṣọ rẹ̀ ló gbó, ara rẹ̀ kò gbó. Ẹ pààrọ̀ aṣọ fún un. Kí owó òṣìṣẹ́ máa dé ọwọ́ òṣìṣẹ́.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa!